Kì í ṣe gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti là ni ojú ẹ̀là: àlàyé fún ẹni tó ń rìn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Ṣábẹ (Savè) ní orílẹ̀-èdè Benin

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá gba ọ̀nà Pobè lọ sí Kétu á rí i pé etí títì ti là gbọọrọ gbọọrọ láwọn ibì kan, débi pé ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti gbọ́ ìròyìn ìmìtìtì ilẹ̀ lórí rédíò, ohun tó máa sọ ni pé ilẹ̀ ti fẹ́ ya. Bí ó bá tún dé Ṣábẹ, tó rí àwọn òkè àpáta tó yọrí láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ọmú, á ní òkè iná ayé àtijọ́ ló kú síbẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà, àwa tí a sì ń bá ilẹ̀ yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ máa ń gbọ́ wọn gan-an. Ojú ẹ̀là tòótọ́ wà ní Benin, ó gùn, ó sì ti gbó. Àmọ́ kò sí ibì kankan tó ti la ẹnu sílẹ̀ kí èèyàn lè bojú wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti mọ ohun tí òkúta, odò àti ọ̀nà àtijọ́ ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀là fúnra rẹ̀. Faille ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Ẹ mú ẹ̀kọ tútù kan, ẹ tú ewé rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ṣùgbọ́n ẹ má ya apá méjèèjì nípá. Ẹ wá ti apá ọ̀tún síwájú díẹ̀, kí ẹ fa apá òsì sẹ́yìn. Ibi tí ọ̀bẹ gbà, tí apá méjèèjì ti ń fi ara ra ara wọn, ibẹ̀ ni ojú ẹ̀là. Kò sí ihò níbẹ̀, kò sí kòtò. Ohun tó sọ ọ́ di ojú ẹ̀là ni pé apá méjèèjì ti yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bí òkúta bá là, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò yẹ̀, ó là lásán ni, irú èyí sì pọ̀ lára gbogbo àpáta bí ìlà ọwọ́ ṣe pọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ń wáyé nítorí pé ojú ẹ̀là kì í yọ̀ tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òkúta rí págunpàgun, ó ń há mọ́ ara rẹ̀. Agbára tó ń tì í kò sì sinmi. Ó ń tì í lọ́dọọdún, òkúta ń fara dà á, ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà, títí ọjọ́ kan tí ibi tó há á fi já. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, apá méjèèjì á fò yẹ̀. Ìró ìfò yẹn, bó ṣe ń gba inú òkúta lọ sí gbogbo ìhà, ni ilẹ̀ fi ń mì.

Ibi tí èèyàn ti lè fi mọ́tò rìn, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ojú ẹ̀là tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. San Andreas ni orúkọ ojú ẹ̀là tó wà níbẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 1,200. Ní ìlú Hollister, ojú ẹ̀là tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ gba abẹ́ àdúgbò kọjá: etí ọ̀nà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tí wọ́n sì kọ́ gbọnrangandan, ti wọ́ báyìí, ògiri ilé sì ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì kíkan. Ní Parkfield, afárá kékeré kan wà tí ẹni tó bá gùn ún kọjá ti kúrò lórí awẹ́ ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà bọ́ sórí awẹ́ ilẹ̀ Pàsífíìkì. Awẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ègé ńláńlá tí èèpo ilẹ̀ ayé pín sí, tí wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní San Francisco ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ọgbà tí wọ́n fi igi ṣe ní apá àríwá ìlú náà já sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi mítà 5 sí ibi tí ìdajì kejì wà. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo èyí ni pé bí ojú ẹ̀là bá gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, ó máa ń *dá ìlà ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni*. Ìlà funfun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sí àárín títì kò ní bá ara rẹ̀ mu mọ́. Bí ìlà funfun bá ṣì tọ́ tààrà, tí títì kàn là, ẹ wá ìdí mìíràn.

Kí ló dé tí Benin ò fi rí bíi California? Ibẹ̀ jẹ́ ẹnu ààlà awẹ́ ilẹ̀ méjì tó ń fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 kọjá ara wọn lọ́dún. Àwa wà ní inú awẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, a jìnnà sí ààlà. Ṣùgbọ́n inú awẹ́ náà ní àpá. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn ilẹ̀ ńláńlá méjì kọlu ara wọn níbi tí a wà yìí. Ìkọlù yẹn ló gbé òkè Atakora dìde ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, òun náà ló gba Togo lọ títí dé òkè Akwapim lẹ́yìn Accra. Ìgbà tí ìkọlù náà ń parí lọ, òkúta tó ti gbóná, tó sì rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìlà gbọọrọ kan tó dojú kọ àríwá àti gúúsù. Ìlà yẹn la mọ̀ sí ojú ẹ̀là Kandi, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìlú Kandi ni ó ti hàn jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ jìnnà. Láti òkè Hoggar ní gúúsù Algeria ni ìlà náà ti ń bọ̀, ó gba Niger, ó wọ Benin láti òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé agbègbè Ṣábẹ, kó tó wọ abẹ́ iyanrìn àti amọ̀ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wa, níbi tí ojú ò ti lè tọ́ ọ mọ́. Kò sì parí sí etí òkun. Ní ohun tó ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ sẹ́yìn, kí òkun Àtìláńtíìkì tó ya wá nípá, Benin àti Brazil jọ wà pa pọ̀ ni. Ìlà kan náà wà ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ojú ẹ̀là Sobral. Àwọn ará Àjàṣẹ́ mọ̀ pé àwọn Àgùdà kó ara wọn àti ilé aláràbarà wọn bọ̀ láti Brazil. Òkúta ti kọ́kọ́ ṣe ìrìn àjò yẹn kí èèyàn tó dáyé.

Àpá ni ojú ẹ̀là Kandi, kì í ṣe egbò tútù. Agbára tó ń ti awẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà láti àárín òkun Àtìláńtíìkì ṣì ń dé inú ilẹ̀ wa, ibi tí òkúta ti ní àpá tẹ́lẹ̀ sì ni agbára náà máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń mì díẹ̀díẹ̀ nígbà mìíràn ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ní Nàìjíríà náà, ìlà kan wà tó gba Ìfẹ́wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀ lọ sókè títí dé Zungeru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹ ò ní rí òkúta kankan. Iyanrìn, amọ̀ àti ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, wọ́n sì jìn lọ sísàlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kí ẹnikẹ́ni tó lè kan akọ òkúta. Ilẹ̀ pupa náà ni àwọn elédè Faransé ń pè ní terre de barre, láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí amọ̀. Òun ni wọ́n fi mọ ògiri ilé àtijọ́ ní ìlú yẹn, òun náà ló sì wà lábẹ́ ọkọ̀ yín títí ẹ ó fi kọjá Sakẹ́tẹ́. Ibi títẹ́jú ni, ọ̀nà sì dùn ún gbà. Láyé ijọ́un, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń kó ọjà àti ẹrú lọ sí Àjàṣẹ́, orí irú ilẹ̀ gbígbẹ báyìí ni àwọn oníṣòwò ń fẹ́ rìn, wọn ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ gbé wọn mì.

Ẹrẹ̀ náà kò jìnnà. Láti Pobè, ilẹ̀ rì wọlé sí ibi rírẹlẹ̀ kan tó gba ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tó la gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Benin já. Lama ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ní apá tiwa yìí, ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí ni. Amọ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, irú amọ̀ kan tó máa ń mu omi bíi kànìnkànìn tó sì ń wú, tó bá tún di ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á sún kì, á wá là. Ibi tó là lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó sì jìn ju ìdajì mítà lọ. Nígbà òjò, mọ́tò ò lè gbà á kọjá tí wọn ò bá gbé ọ̀nà ga. Amọ̀ yìí wà lára ohun tó ran àwọn Ọ̀họ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Faransé ní ọdún 1914 sí 1915: ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ náà kò lè lé ẹni tó mọ̀ ọ́n bá.

Etí títì tó là, tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ amọ̀ dúdú yìí ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀dà tó wà láàárín títì kò jẹ́ kí omi abẹ́ rẹ̀ gbẹ, nítorí náà amọ̀ àárín dúró ní ọ̀rinrin, ó wà bó ṣe wà. Etí ọ̀nà kò ní ọ̀dà. Oòrùn pa á, amọ̀ rẹ̀ sún kì, ó fa etí títì lọ sísàlẹ̀. Ibi tí èyí tó sún kì ti bá èyí tí kò sún kì pàdé ni títì ti là. Ìdí nìyẹn tí irú ibi bẹ́ẹ̀ fi máa ń tọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, tí kì í dábùú ọ̀nà, tí ó sì máa ń fẹ̀ jù ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kó tó tún pa ẹnu dé nígbà tí òjò bá bọ́ sójú. Ojú ẹ̀là kì í pa ẹnu dé nítorí òjò.

Ní Onígbólò, ní àgbègbè yìí kan náà, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkun ló kó o síbẹ̀ nígbà tí omi ṣì bo gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá rí òkúta ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ ò mọ̀ bóyá òun ni, ẹ fi ọ̀bẹ họ díẹ̀ lára rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Tó bá hó wúruwùru, òkúta ẹfun ni. Tí ẹ bá kán an sórí òkúta láìhọ ọ́, ó lè má hó tó ohun tí ojú máa rí, ẹ ó sì rò pé kì í ṣe òun.

Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn amọ̀ yìí, ìyẹn gan-an sì ni ọgbọ́n ìlú náà. Ẹ dúró ní Àkàbà Ìdènà. Gbogbo èèyàn ń wo ilẹ̀kùn onígi tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrà tó yí ìlú ká ni kí ẹni tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán ní ọ̀pọ̀ ibi, láìsí òkúta tàbí sìmẹ́ńtì kankan tó dì í mú, nítorí pé ilẹ̀ pupa náà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó sì máa ń le sí i nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀ sínú amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, òjò ọdún kan á dí i. Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, ìlú sì padà tẹ̀dó ní 1894. Yàrà wà níbẹ̀ títí di òní.

Láti Kétu sí Ṣábẹ, máàpù á fi ọ̀nà tààrà hàn yín. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná an ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, pàápàá nígbà òjò. Ọ̀nà tó gùn ṣùgbọ́n tó dájú ni kí ẹ yà sí Bohicon, kí ẹ bọ́ sí títì ńlá tó gba Ìdàáṣà lọ sókè. Títì yìí àti ojú irin Kọ̀tọ̀nù jọ ń rìn ni. Iṣẹ́ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ ní 1900, Ṣábẹ ni ó dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Parakou ní 1936, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 438.

Lórí ọ̀nà yìí ni ilẹ̀ ti máa yí padà lójú yín. Lẹ́yìn Bohicon, ilẹ̀ pupa jíjìn yẹn tán, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ní Ìdàáṣà, òkè ti yí ìlú ká. Àárín Glazoué àti Ṣábẹ, ẹ ó gun afárá odò Ouémé. Ẹ dúró lẹ́yìn afárá, kì í ṣe lórí rẹ̀, kí ẹ wo inú odò nígbà tí omi bá fà: akọ òkúta ló wà ní ìsàlẹ̀, ìlà tó wà lára rẹ̀ sì dúró ṣánṣán dípò kó sùn. Odò kì í fi agbára la òkúta tó le níbi tó bá ti rí èyí tó rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí odò tó ń rìn gbọnrangandan fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó yẹ kí ẹ béèrè ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Àwọn òkè Ṣábẹ kì í ṣe òkè iná. Akọ òkúta tó yọ́, tó sì dì lábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà ni. Omi òjò ti jẹ ohun tó yí i ká fún mílíọ̀nù ọdún, ó gba ibi tó ti là wọlé, ó sọ òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di iyẹ̀pẹ̀, àgbàrá sì gbá iyẹ̀pẹ̀ náà lọ. Èyí tí kò ní ojú ibi tó là púpọ̀ ló ṣẹ́kù, òun ni òkè. Nígbà ogun Dàhọ̀mì, àwọn èèyàn Ṣábẹ sá gun àwọn òkè yìí, apá kan nínú wọn sì jẹ́ ibi ìbọ. Ẹ má gùn wọ́n láìkọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà. Ẹ wá ẹni tó máa mú yín dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ọmọ ìlú kan tó mọ̀nà. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ọ̀wọ̀, ọmọ náà á mọ ibi tí oyin wà. Oyin inú pàlàpálá àpáta ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n múra.

Lórí àpáta ni ẹ ti lè dán ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù wò. Ẹ wá ibi tí òkúta ti là, tí iṣan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dábùú ibẹ̀. Iṣan funfun yìí pọ̀ lára akọ òkúta, ó ń dán bí ìgò. Ẹ tẹ̀ lé e láti apá kan dé ibi tó là. Bó bá tẹ̀síwájú ní ọ̀kánkán lápá kejì, òkúta náà là lásán ni, kò yẹ̀. Bó bá já, tí ìyókù rẹ̀ sì wà ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ẹ̀là kékeré lẹ dúró lé yẹn. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ìhà tó yẹ̀ sí pẹ̀lú: ẹ dúró sí apá kan, ẹ kọjú sí èkejì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀tún ló lọ tàbí òsì. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́wàá ó kéré tán, nítorí ibì kan ṣoṣo lè tan yín.

Ohun kejì wà fún àtẹ́lẹwọ́. Níbi tí òkúta ti yẹ̀ lórí òkúta, ojú rẹ̀ máa ń dán bí ọlọ tí wọ́n ti lọ ata lórí rẹ̀ fún ogún ọdún, pẹ̀lú ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó dojú kọ ìhà kan náà. Ẹ fi ọwọ́ rá a lọ, kí ẹ rá a bọ̀. Ní ìhà kan, ó máa ń yọ̀; ní ìhà kejì, ó máa ń há ọwọ́ díẹ̀. Ìhà tó yọ̀ sábà máa ń jẹ́ ìhà tí òkúta tó ti lọ náà gbà.

Òkúta tó yẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, bíi ti Kandi, kì í fi ojú tó ń dán sílẹ̀. Ṣe ló máa ń nà bí ìyán. Hóró inú rẹ̀ á di tẹ́ẹ́rẹ́, funfun àti dúdú á tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìlà ara aṣọ ẹtù. Bí ẹ bá rí i, tí ìlà náà dúró ṣánṣán, tó sì kọjú sí àríwá àti gúúsù, inú àpá ńlá náà lẹ wà. Ẹni tó bá ní ọjọ́ púpọ̀ lè tẹ̀síwájú gba Parakou lọ sí Kandi fúnra rẹ̀, níbi tí iyanrìn àtijọ́ tó ti di òkúta ti jókòó sí ìlà-oòrùn ìlà náà, tí akọ òkúta sì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀.

Níbi kíka ìhà tí ìlà kọjú sí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà jù. Kọ́ńpáàsì ń tẹ̀ lé irin. Ẹ jìnnà sí mọ́tò tó mítà 10, ẹ gbé òòlù kalẹ̀, kí ẹ yọ ìdérí fóònù tó ní òòfà. Lórí àwòrán tí wọ́n ti ojú ọ̀run yà náà, kì í ṣe gbogbo ìlà tó tọ́ ni ojú ẹ̀là. Wáyà iná, ojú irin, etí igbó ọba àti ibi tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó dé máa ń tọ́ gan-an, a sì ti rí ẹni tó fi ìgbéraga fa ojú irin sórí máàpù gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀là. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ wá ihò róbótó tí wọ́n lu láti fi ẹ̀tù sí. Òkúta tó là yí irú ihò bẹ́ẹ̀ ká, ẹ̀tù ló là á.

Máàpù ìwé tí sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ dúró fún kìlómítà 2 tó fún ìrìn yìí. Ẹ mú omi lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí ẹ má gun àpáta lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀, nítorí òkúta á ti gbóná. Ní ti àsìkò, tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn òkè láti òkèèrè, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí ọyẹ́ ò sì tíì dé. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú sún mọ́ òkúta, oṣù kejì ni, nígbà tí iná ti jó koríko.

Ẹni tó bá yan ìwọ̀-oòrùn dípò àríwá, tó gba ọ̀nà etí òkun láti Àjàṣẹ́ kọjá Lomé lọ sí Accra, kó ra ìwé adójútòfò carte brune ti CEDEAO kó tó kúrò nílé. Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀là ti ń ṣiṣẹ́ ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra pẹ̀lú ìwọ̀n agbára (magnitude) tó sún mọ́ 6.5, ó pa èèyàn, ó sì wó ilé púpọ̀. Òkè Akwapim tó ga sókè lójijì lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra, tí ọ̀nà Aburi gùn, wà lórí ìlà yẹn. Ní Guinea, ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1983, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní 6 pa nǹkan bí 300 èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ilẹ̀ kì í mì ní apá ọ̀dọ̀ wa kò sọ òótọ́.

Ní ti Benin, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì ní gúúsù, àwọn ará Abẹ́òkúta náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 4, kò dé 5. Ẹ má fi ojú owó wo ìwọ̀n yìí. Láti 4 sí 5, agbára ọ̀hún ń di ìlọ́po 32. Láti 4 sí 6, ó ń di ìlọ́po 1,000. Ìdí nìyẹn tí ti 2009 fi mi abọ́, tí ti Accra sì wó ilé.

Ibi tí ilé wà lórí rẹ̀ tún ń dá kún un. Ṣábẹ ló sún mọ́ àpá ńlá náà, ṣùgbọ́n orí akọ òkúta ló wà, òkúta sì ń jẹ́ kí ìró kọjá kíákíá láìdá a dúró. Àjàṣẹ́ wà lórí iyanrìn àti amọ̀ jíjìn, tí omi ọ̀sà sì rin apá ìsàlẹ̀ ìlú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n gan-an bí ẹ̀kọ inú agbọ̀n. Bí ìmìtìtì kan bá jìnnà sí ìlú méjèèjì bákan náà, Àjàṣẹ́ ni ògiri ti máa kọ́kọ́ là. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ga, tí igi òrùlé rẹ̀ kò di ògiri mú mọ́. Kí onílé rí i pé igi tàbí irin de ògiri iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, nítorí orí ògiri tó ga sókè lábẹ́ òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́.

Bí ògiri bá sì ti là báyìí, ẹ má kéde ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lóṣooṣù. Bó bá ń fẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń sún kì nígbà òjò, amọ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Pípa sìmẹ́ńtì lé e kò ní wò ó, ọdún tó ń bọ̀ ló tún máa là. Ohun tó ń wò ó ni kí wọ́n má jẹ́ kí omi òrùlé dà sí ẹsẹ̀ ògiri, kí wọ́n gé igi ńlá tó sún mọ́ ọn jù, kí ìpìlẹ̀ ilé tuntun sì jìn ju ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ dé lọ.

Bí ilẹ̀ bá wá mì lóòótọ́ nígbà tí ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jìnnà sí afárá, òpó iná àti igi ńlá, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí yóò fi dáwọ́ dúró. Kí ẹ tó gun afárá èyíkéyìí lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wo ibi tí títì ti bá afárá pàdé. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ padà. Ẹni tó bá wà nínú ilé kó wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, kó má sá gba abẹ́ etí òrùlé jáde. Kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìró àkọ́kọ́ máa ń dún bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù bá kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìmì tó ń fi ni síhìn-ín sọ́hùn-ún ń dé. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín méjèèjì ṣe ìlọ́po 8. Bó bá jẹ́ 10, ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí yín. Ẹ kọ aago náà sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ẹ wà, nítorí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa.